Ọjọ́ Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ Lójú Ìlà

N kò ní fi ọ̀rọ̀ ọ̀nà àti ọkọ̀ dá yín dúró. Ẹni tó bá ti rìnrìn àjò rí mọ̀ pé eruku kan náà ni gbogbo rẹ̀. Ará Ṣakí ni mí. Mo dé Lọ́kọ́ja nígbà tí ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ parí, tí ìlú náà ṣì wà lábẹ́ Kúwárà, oòrùn ló sì kọ́kọ́ kí mi. Oòrùn ibẹ̀ ń ràn láti òkè, odò méjì tún ń dá a padà láti ìsàlẹ̀, òkè Pàtí sì dúró gbọin sẹ́yìn ìlú kí atẹ́gùn má baà ráàyè. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, mo rò pé ibà ló ń ṣe mí. Jeremáyà, ọmọ Ọ̀wọ́rọ̀ tí a jọ ń gbé yàrá kan ní Kpàtá, gbé ẹ̀yìn ọwọ́ lé mi lọ́rùn, ó ní, "Kì í ṣe ibà. Ìlú ni."

Ìkíni ló tẹ̀lé e. Nílé wa, ìkíni ní àyè tirẹ̀: ti àárọ̀ yàtọ̀ sí ti ìyálẹ̀ta, ti ẹni tó jókòó yàtọ̀ sí ti ẹni tó ń ṣiṣẹ́, ẹni tó ń dirun pàápàá ní tirẹ̀. Mo dé àárín àwọn ará Ìjùmú àti Yàgbà ní Lọ́kọ́ja, "Okun" ni wọ́n ń kí ara wọn. Àárọ̀, okun. Ọ̀sán, okun. Ẹni tó ń rẹ́rìn-ín, okun. Ẹni tó ń sunkún, okun. Mo wò ó pé ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo kò lè tó èèyàn gbé káyé. Báyìí tí Ọmọ́wùmí ìyàwó mi ti kú, tí àwọn èèyàn rẹ̀ ń wọlé tọ̀ mí wá láti ìgbà ọyẹ́ tí a ti sin ín, "Okun" nìkan ni wọ́n ń sọ, wọn a sì jókòó. Ó tó.

Ilé iṣẹ́ ìjọba tó ń la ọ̀nà ló gbà mí síṣẹ́. Mo ń po kọ̀ǹkéré, èmi àti Jeremáyà. Seidu, ará Ẹ̀bìrà, ni olórí àwọn káfíńtà. Ndàgí, ọmọ Nupe, ló ń wa lọ́rì. Átábò, ọmọ Igálà, ló ń jó irin. Ọjọ́ kẹta tí mo débẹ̀, mo ń wọ ṣọ́ọ̀bù, mo fi iwájú orí gbá àtẹ́rígbà. Átábò gbé gíláàsì tó fi ń jó irin kúrò lójú.

"Longo," ó ní, "ṣé bí gbogbo ilé yín ṣe rí nìyí, àbí ìwọ nìkan ni wọ́n gbàgbé láti gé?"

Láti ọjọ́ náà ni orúkọ mi ti di Longo, ìyẹn ẹni tó ga jù. Títí di òní, tí n bá gba ìsàlẹ̀ Kpàtá kọjá, àwọn àgbà kan ṣì ń pè é.

Lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù ni pápá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n wà. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbá a, márùn-ún sí márùn-ún. Wọ́n á máa lù ú mọ́lẹ̀ gbì, gbì, gbì, wọ́n á sì jù ú sínú òrùka irin tó ga ju orí èèyàn lọ; èyí tó bá wọlé, àmì méjì. Átábò ló fi irin tó ṣẹ́kù lára afárá ṣe òrùka méjèèjì. Ìrọ̀lẹ́ ni a ń gbá a, tí oòrùn bá ti gba ẹ̀yìn Pàtí lọ. Nítorí gíga mi, Seidu kò bèèrè bóyá mo mọ̀ ọ́n gbá. Ó kàn ju bọ́ọ̀lù sí mi láyà, ó ní, "Dúró sábẹ́ irin." Báyìí ni a ṣe di márùn-ún.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun kan nínú eré náà, torí òun ni ọ̀rọ̀ mi. Bí ẹnìkan bá gbá ọ lọ́wọ́ tàbí tó tì ọ́ nígbà tí o fẹ́ jù ú, rẹfirí á fọn fèrè. Wọ́n á mú ọ lọ sójú ìlà kan níwájú òrùka, wọ́n á gbé bọ́ọ̀lù lé ọ lọ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dí ọ. Ìwọ náà ò gbọdọ̀ kọjá ìlà títí bọ́ọ̀lù yóò fi kan irin. Èyí tó bá wọlé, àmì kan. Firitúrò ni a ń pè é, ìyẹn ni pé jíjù ọ̀fẹ́. Wọ́n ṣẹ̀ ọ́, wọ́n sì fún ọ ní àyè dípò rẹ̀. Àyè nìkan ni wọ́n fún ọ o. Wọn kò bá ọ jù ú.

Èmi kò lè jù ú. Ní àárín ìjàkadì, tí èèyàn mẹ́ta bá rọ̀ mọ́ mi, mo lè fò kí n rọra fi bọ́ọ̀lù sínú òrùka bí ẹni ń fi ẹyin sínú agbọ̀n. Ṣùgbọ́n kí n dá dúró, kí pápá dákẹ́, kí gbogbo ojú wà lára mi, ọwọ́ mi á di igi. Àwọn tíṣà ló kọ́kọ́ mọ̀. Tíìmù wọn ló ń na gbogbo ìlú nígbà náà. Wọ́n sọ àléébù mi di ọgbọ́n: bí bọ́ọ̀lù bá ti dé ọwọ́ mi lábẹ́ irin, wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ gbá mi mú. Kàkà kí n jẹ àmì méjì, kí wọ́n kúkú mú mi lọ sójú ìlà, kí n jẹ òfo. "Ẹ mú Longo," wọn á máa pè é fún ara wọn, "Longo ò lè ṣe nǹkankan."

Mo máa ń rò ó pé bí ìdálẹ̀ ṣe rí nìyẹn. Nínú ariwo ọjà, nínú iṣẹ́, níbi tí wọ́n ti ń sọ Haúsá, Nupe, Igálà àti Ẹ̀bìrà lẹ́ẹ̀kan náà, ìwọ náà á dà bí ẹni tó ní èèyàn. Ọjọ́ Àìkú tí ariwo bá tán, tí Jeremáyà bá ti lọ sí abúlé wọn, tí mo dá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ìgbà náà ni n ó wá mọ̀ pé kò sí ẹni kan láàrin odò sí òkè tó mọ oríkì tí ìyá mi fi ń jí mi.

Ẹ̀gbọ́n mi Àdìsá ń ṣe mẹ́séńjà ní ọ́fíìsì kan n'Ìbàdàn. Ibẹ̀ ni tẹlifóònù tó sún mọ́ ìdílé wa jù lọ wà. N ó kọ lẹ́tà síwájú pé n ó pè é lọ́jọ́ báyìí, n ó sì lọ tò ní pósófíìsì. Ọ̀gbẹ́ni Dáúdà tó ń so ìlà pọ̀ á pe nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀mẹ́fà. Tó bá wọlé, á máa dún bí ẹni ń yan ẹ̀pà.

"Ṣé ò ń jẹun?"

"Mò ń jẹun, ẹ̀gbọ́n."

"Ìgbà wo lò ń bọ̀ wálé?"

"Wọ́n ti mú mi sí tíìmù bọ́ọ̀lù."

"Bọ́ọ̀lù. Pẹ̀lú irùngbọ̀n rẹ yẹn."

"Ọwọ́ ni a fi ń gbá a."

"Ṣé àwọn ará ibẹ̀ ò lẹ́sẹ̀ ni?"

Ọmọ́wùmí ń kọ́ àwọn ọmọ kékeré níwèé ní Nàtàkó, ọ̀nà ilé bàbá rẹ̀ sì gba ẹ̀gbẹ́ pápá wa kọjá. Ó ti gbá bọ́ọ̀lù náà rí nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ tíṣà. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mo dá wà lójú ìlà. Mo ti ju ogún, méjì ló wọlé. Mo gbọ́ ohùn lẹ́yìn mi.

"Ẹ jọ̀ọ́, bọ̀dá, kí ni òrùka yẹn ṣe yín?"

Mo yí padà. Ó di ìwé àwọn ọmọ mọ́ àyà, kò sì rẹ́rìn-ín.

"Ẹ̀ ń bá a jà," ó ní, "kò sì bá yín jà. Ẹ tẹ orúnkún. Ẹ mí síta kí ẹ tó jù. Kí ẹ sì wá nǹkan kan tí ẹ ó máa sọ kí ẹ tó jù ú, ohun kan náà ní gbogbo ìgbà, kí ara yín lè mọ̀ pé ibi tó mọ̀ ló wà."

Mo ronú kí n tó rí ohun tí n ó máa sọ. Ìlà mẹ́ta nínú oríkì mi ni mo mú. Mo kì í sínú, mo tẹ orúnkún, mo mí síta, mo jù ú. Kò wọlé. Mo tún un ṣe. Láàrin oṣù méjì, bí mo bá ju mẹ́wàá, mẹ́jọ ń wọlé. Ní gbogbo Lọ́kọ́ja, ojú ìlà yẹn nìkan ni wọ́n ti ń kì mí, èmi fúnra mi sì ni akígbe.

"Kí lẹ máa ń sọ lẹ́nu?" Ọmọ́wùmí bi mí lọ́jọ́ kan.

"Oríkì mi ni."

"Ẹ ki oríkì náà kí n gbọ́."

"Èèyàn kì í ki ara rẹ̀ sókè."

"Ẹ wá kọ́ mi, kí èmi máa kì yín."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti di ọ̀rọ̀.

Nígbà tí a tún pàdé àwọn tíṣà, wọ́n gbá mi mú gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Mo jù ú, ó wọlé. Wọ́n tún gbá mi mú, ó tún wọlé. Nígbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹfà, ọ̀gá wọn pariwo láti ẹ̀gbẹ́ pápá pé, "Ẹ fi Longo sílẹ̀ o." Ìjọ ti fún mi ní oyè lẹ́yìn ìgbà náà, wọ́n sì ti pè mí ní bàbá ìyàwó lẹ́ẹ̀mẹta. Kò sí èyí tó dùn tó yẹn.

Bàbá Ọmọ́wùmí, Alàgbà Ọlọ́runnípa, jẹ́ akọ̀wé àgbà ní ọ́fíìsì ìjọba, ará Ìjùmú. Òun ló ń lọ aṣọ ara rẹ̀. Kì í pariwo. Nígbà tí mo lọ sọ fún un pé mo fẹ́ fẹ́ ọmọ rẹ̀, ó gbà mí ní pálọ̀, ó ní kí n jókòó, ó sì sọ̀rọ̀ ní èdè Ìjùmú tí mo fi tiwa kọ síhìn-ín.

"N kò sọ pé o burú," ó ní. "O ń ṣiṣẹ́, o kì í mutí. Ṣùgbọ́n bí ọ̀ràn bá dé bá ọmọ mi nílé rẹ, ilẹ̀kùn ta ni n ó lọ kàn ní ìlú yìí? Ta ni ará rẹ?"

Mo ní mo ní ẹ̀gbọ́n n'Ìbàdàn.

"Ṣé Ìbàdàn ni mo bi ọ́?"

Mo lọ sí pósófíìsì. Àdìsá kò jẹ́ kí n parí ọ̀rọ̀. Ó ní òun kò ní lọ tọrọ ọmọ níbi tí òun kò ti mọ igi, tí òun kò mọ ọ̀pẹ. Ó ní kí n máa bọ̀ nílé, obìnrin kò tán ní Ṣakí. Mo dá tẹlifóònù padà fún Ọ̀gbẹ́ni Dáúdà. Ó bá mi mi orí.

Ọmọ́wùmí kò gbà. Ó sọ fún bàbá rẹ̀ pé, "Ẹ̀ ń bèèrè èèyàn rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá wò ó níbi tí èèyàn wà." Bàbá ní ó dára, a fẹ́ bá àwọn tíṣà gbá bọ́ọ̀lù ní Sátidé, òun yóò wá. Bí òun bá rí i pé mo ní ará, òun yóò tún ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò. Bí òun kò bá rí i, kí n fi ọmọ òun sílẹ̀, kí n má sì gba iwájú ilé òun mọ́.

Sátidé dé. Pápá kún. Tíṣà Gàmbó ló di fèrè mú. A gbá a, wọ́n gbá a, mo ń wo ẹnu ọ̀nà, n kò rí bàbá. Ó ku díẹ̀ kí eré parí, wọ́n fi àmì kan ṣíwájú wa. Bọ́ọ̀lù bọ́ sí mi lọ́wọ́ lábẹ́ irin, Súńdè, ọkùnrin kúkúrú kan nínú àwọn tíṣà, gbàgbé ìkìlọ̀ ọ̀gá rẹ̀, ó so mọ́ apá mi. Fèrè. Firitúrò méjì.

Mo ju àkọ́kọ́. Ó wọlé. Ọgbọọgba.

Pápá dákẹ́. Wọ́n gbé bọ́ọ̀lù fún mi lẹ́ẹ̀kejì. Bí eléyìí bá wọlé, a ti na àwọn tíṣà, ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe rí. Mo tẹ orúnkún. Mo ti ki ìlà kìíní, mo ti ki ìkejì. Mo wá gbọ́ ohùn kan lẹ́yìn mi, ohùn tí kì í pariwo.

"Okun o, gbogbo ilé."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lè máa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n Ṣakí ni wọ́n bí mi sí. Bàbá ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ dé, ó kí, mo kọ̀yìn sí i, mo gbé bọ́ọ̀lù dání. Ara mi kò bi mí léèrè. Mo gbé bọ́ọ̀lù kalẹ̀, mo yí padà, mo sì na gbalaja sórí sìmẹ́ǹtì. "Ẹ káàbọ̀, sà." Bọ́ọ̀lù yí lọ sábẹ́ irin, ẹsẹ̀ mi méjèèjì sì wà ní òdìkejì ìlà.

Tíṣà Gàmbó fọn fèrè. Ó wò mí nílẹ̀ níbẹ̀, àánú mi ṣe é, ṣùgbọ́n òfin ni òfin: mo ti kọjá ìlà, jíjù náà ti bàjẹ́, bọ́ọ̀lù di tàwọn tíṣà. Wọ́n gbé e sáré, wọ́n sì sọ ọ́ wọlé kí n tó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò láyà. Eré parí.

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, ó yẹ kó dé òdìkejì odò. Ndàgí mú bàtà rẹ̀, ó lọ. Jeremáyà bo ojú. Seidu wò mí bó ṣe máa ń wo pákó tó ti wọ́. Átábò nìkan ló sọ̀rọ̀.

"Longo, bó bá jẹ́ pé ọba ló wá ńkọ́? Ṣé o ò bá gbẹ́ ilẹ̀ wọ inú rẹ̀?"

Mo rò pé, ó kéré tán, inú bàbá á dùn. Mo lọ bá a níbi tó dúró sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ọmọ́wùmí.

"Ta ni mo kí?" ó bi mí.

"Èmi ni, sà."

"Gbogbo pápá ni mo kí. Ogójì èèyàn dúró tì ọ́, iṣẹ́ wọn wà lọ́wọ́ rẹ, o gbé e kalẹ̀ torí kí o lè wù mí." Ó gbọn fìlà rẹ̀. "Lọ́jọ́ tí o bá rí ẹlòmíràn tí o fẹ́ wù, ọmọ mi ni wàá gbé kalẹ̀."

Ó mú ọ̀nà pọ̀n. Ọmọ́wùmí wò mí lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ̀lé e.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù ju "gbé e wá" àti "gbé e lọ." Jeremáyà pàápàá ń sùn kọjú sí ògiri. Mo jókòó, mo wò ó pé ní Ṣakí, ẹni tó dọ̀bálẹ̀ kì í jẹ̀bi. N kò tíì mọ̀ pé èèyàn lè jẹ̀bi nínú ohun tí wọ́n fi kọ́ ọ dáadáa. Mo di ẹrù mi. Aṣọ mẹ́ta ni, kò pẹ́ dì. Ṣùgbọ́n n kò fẹ́ sá bí olè, nítorí náà, ní Sátidé tó tẹ̀lé e, mo wọ aṣọ tó dára jù, mo lọ sọ fún Alàgbà Ọlọ́runnípa pé mò ń padà sílé.

Ó ní kí n jókòó. N kò tíì la ẹnu tí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn.

Seidu ló kọ́kọ́ wọlé, nínú agbádá funfun. Ndàgí tẹ̀lé e, ẹja ńlá kan so mọ́ okùn lọ́wọ́ rẹ̀. Jeremáyà ru iṣu. Átábò wọ kóòtù ẹni tó kéré sí i, apá rẹ̀ kò dé ọrùn ọwọ́. Wọ́n tò, wọ́n wo ara wọn, wọ́n sì dọ̀bálẹ̀. Átábò kò dọ̀bálẹ̀ rí láyé rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló fi lélẹ̀, bí ẹja Ndàgí.

"Ẹ dìde," bàbá ní, "kí ẹnìkan má baà ṣèṣe. Kí lẹ bá wá?"

Seidu kò gbọ́ Yorùbá dáadáa. Ó ń mú ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń mú ìṣó.

"Bàbá, a wá tọrọ ọmọ. Fún èyí." Ó nàka sí mi, kò wò mí.

"Èyí tó dójú tì yín lójú gbogbo ìlú?"

"Òun náà ni."

"Ẹ ò sì bínú?"

"A bínú," Átábò dá a lóhùn. "Èmi ṣì ń bínú, sà."

Seidu gbé ọwọ́ sókè pé kó dákẹ́. "Bàbá, ẹ ti rí firitúrò. Ẹnìkan ló ń jù ú. Ṣùgbọ́n àwa tó kù, a kì í lọ sílé. A máa ń tò sí ẹ̀gbẹ́, ọ̀tún, òsì. Bó bá jù ú tí kò wọlé, a ó fò, a ó mú un. Iṣẹ́ wa nìyẹn." Ó wá ọ̀rọ̀ títí. "Lọ́jọ́ yẹn, fèrè kò jẹ́ ká fò. Ó dùn wá. Torí ẹ̀ la ṣe wá."

Èmi ń wo ilẹ̀, torí ojú mi ti kún.

"Bí ọmọ mi bá ní ìṣòro," bàbá ní nígbẹ̀yìn, "ilẹ̀kùn ta ni n ó kàn?"

"Tèmi," Seidu ní.

"Tèmi sún mọ́ ọ̀nà jù," Ndàgí ní, "mo sì ní lọ́rì."

"Lọ́rì ìjọba," Átábò ní.

"Ta ni ẹ̀gbọ́n nínú yín?" bàbá bèèrè, nítorí ó yẹ kí ìdílé ọkọ ní olórí.

Gbogbo wa mọ̀ pé Seidu ni. Ṣùgbọ́n Átábò ní wọ́n bí òun lọ́dún tí odò kún wọ ilé, Ndàgí ní òun ti ń rìn nígbà náà, òun rántí omi náà, Jeremáyà ní irọ́ ni àwọn méjèèjì ń pa. Wọ́n ń jà á lọ níwájú àna mi títí tí mo fi rí ohun tí n kò rí rí: Alàgbà Ọlọ́runnípa bọ́ fìlà, ó fi bo ẹnu, èjìká rẹ̀ sì ń mì.

"Ọmọ́wùmí," ó pè sí ilé ìdáná nígbà tó gba ara rẹ̀ padà. "Jáde wá ka àwọn ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ, kí o lè mọ iye iṣu tí wàá bẹ."

Ó yọjú. Ọwọ́ rẹ̀ tutù, ọmọ odó wà nínú ọ̀kan.

"Mo ti kà wọ́n, Bàbá," ó ní. "Láti àná, nígbà tí mo lọ bẹ̀ wọ́n nílé Bùrọ̀dá Seidu. Mo ti ń gún un."

Irú ẹni tí mo sin nígbà ọyẹ́ nìyẹn.